Iye Tí Gafarou Dá Lé Ìbọn Valéry

Gafarou kì í kọ́kọ́ wo igi. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìbọn àlòkù wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Port-Bouët pé kó bá òun dá iye lé e, aṣọ dúdú kan ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́ mú. Á fi wé ìdí ìbọn náà, láti ibi tí èjìká ti ń gbà á títí dé ọrùn rẹ̀, á so ó pinpin, igi náà kò sì ní hàn síta mọ́. Ìgbà yẹn ni á tó fọwọ́ kan irin.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ará Ẹjìgbò ni bàbá náà, ìdí ìbọn ló gbẹ́ jẹun ní Treichville nígbà tí ọdẹ ṣì pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ó máa ń sọ pé, "Ojú ló ń ra igi, ọwọ́ ló ń ra irin. Bí ojú bá ṣáájú dé ọjà, ọwọ́ á kàn máa tẹ̀ lé e bí afọ́jú ni." Igi tó bá dára a máa dá ojú lọ́nà. Ìpẹtà lè ti jẹ irin dé eegun, ẹni tó fẹ́ rà á á ṣì máa rẹ́rìn-ín sí igi.

Bàbá náà fi òfin kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá dá iye lé ìbọn kò gbọdọ̀ ra ìbọn náà, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ ta á fún un ní ọ̀pọ̀. Ó ní ẹni tó bá lè rà á, ẹnu rẹ̀ á wọ́, kò sì ní mọ̀ pé ó ti wọ́. Gafarou pa òfin yìí mọ́ láti ìgbà èwe títí ó fi lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì ni ín lára, torí kò sí ìbọn tó wù ú láti ní nínú gbogbo èyí tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Àfi ọ̀kan. Ìbọn Valéry ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Valéry. Bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé, òun náà sì ṣe akọ̀wé ní èbúté títí ó fi gba ìsinmi. Àgbàlá kan náà ni òun àti Gafarou ti dàgbà ní Treichville. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ mọ́sáláṣí, wọ́n sì jọ ń ti ọwọ́ bọ abọ́ kan. Òyìnbó kan tí bàbá Valéry bá ṣiṣẹ́ ló fi ìbọn náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ẹlẹ́nu méjì ni, Saint-Étienne nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti rọ ọ́. Igi ìdí rẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn Faransé ń pè ní noyer. Àwọ̀ oyin ni, iṣan dúdú sì ń rìn lára rẹ̀ bí ojú ọ̀sà nígbà tí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ bá kọjá lórí rẹ̀. Gafarou ti gbẹ́ igi fún gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì rí irú rẹ̀ kejì.

Nígbà èwe wọn, ní ọjọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì á wọ ọkọ̀ gbàkà ní Adjamé, wọ́n á fi ẹní we ìbọn wọn, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Bingerville. Ibi tí àwọn olówó kọ́ ilé alájà sí lónìí lápá Riviera, igbó ni nígbà náà. Àparò ń ké níbẹ̀, ẹtu ń sọdá ọ̀nà láìbìkítà. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí bàbá rẹ̀ fi ń yá a ni Gafarou ń gbé. Lọ́sàn-án, obìnrin ẹ̀yà Ébrié kan tó ń gbé etí ọ̀sà á bu atiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín fún wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ lórí gbòǹgbò igi, ìbọn méjèèjì á gbára lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí Gafarou bá ti jẹun tán, ó máa ń nu ọwọ́ rẹ̀ nù dáadáa kó tó gbé ti Valéry sórí itan. Valéry á ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ àti ìyàwó mi."

Lọ́dún 1974 ni ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọdẹ mọ́. Ìbọn Valéry wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, ó máa ń gbé e wá sọ́dọ̀ Gafarou kó bá òun fi epo pa á, torí iyọ̀ òkun kò mọ ọ̀rẹ́ irin. Iṣẹ́ náà kò ju wákàtí kan lọ. Odindi ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Valéry kú lọ́dún tó kọjá. Òjò dá, ìbọn kò wá. Gafarou dúró. Ó ní tí òun bá ti ta àga mẹ́fà tí òun kàn sílẹ̀, òun á lọ bá ìyàwó ọ̀rẹ́ òun, òun á sọ fún un pé ìbọn náà wu òun. Àwọn àga náà kò tíì rí ẹni tó máa rà wọ́n nígbà tí Perpétue, ìyàwó Valéry, yọ sí i ní òwúrọ̀ Sátidé kan, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé nǹkan gígùn tí wọ́n fi aṣọ wé lọ́wọ́. Gafarou mọ nǹkan náà kí wọ́n tó tú u.

"Bàbá Ànísà, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Perpétue wí. Orúkọ ọmọ Gafarou ló fi ń pè é.

"Wọlé, ìyàwó wa. Àwọn ọmọ ńkọ́, Inès àtàwọn yòókù?"

"Wọ́n wà. Ẹni tí mo mú wá nìyí, Jean-Marc ni orúkọ rẹ̀. Òun àti Inès jọ kàwé. Ilé ló ń ya àwòrán rẹ̀ ní Cocody, ó tún ní oko rọ́bà ní Bonoua, ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ sì pé."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó tún dìde. "Vieux père, mo kí yín. Mo ń gbọ́ Yorùbá o, mais ẹnu mi wúwo."

"Etí ni a fi ń ra ìbọn," ni Gafarou wí. "Jókòó."

Perpétue kò jókòó. Ó gbé ìbọn náà lé orí itan Gafarou. "Èmi ní six cent mille, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, òun ní trois cents, ìdajì rẹ̀. A ti ń fà á láti àárọ̀ bí ẹni fa okùn. Ló bá ní mo ń ta á wọ́n torí igi rẹ̀, mo ní ó ń rà á pọ̀ torí irin rẹ̀. Mo wá ní kò sí ìjà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tí ọkọ mi fọkàn tán. Ohun tí ẹ bá ti sọ, abẹ gé e."

"Kí lo fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe?"

"Ibojì Valéry ni. Yanrìn ló wà níbẹ̀, ó ń rì. Àgbélébùú rẹ̀ ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ fi simẹ́ńtì dì í kó tó pé ọdún."

Gafarou wo ìbọn náà lórí itan rẹ̀. Ó mọ obìnrin yìí. Bí òun bá sọ pé òun ló fẹ́ ẹ, obìnrin náà kò ní dúró de iye kankan mọ́. Á ní kí Jean-Marc má bínú, á fi ìbọn sílẹ̀, á sì gba ohunkóhun tí Gafarou bá kó jáde lápò, tàbí kó má gba nǹkan kan. Àgbélébùú náà á wà bó ṣe wà. Ohun tó wà lápò Gafarou kò lè ra simẹ́ńtì, ká má tíì sọ owó bíríkìlà.

Ó nawọ́, ó mú aṣọ dúdú.

Bó ṣe so ó tán, ó ṣẹ́ ìbọn náà sí méjì níbi oríkèé rẹ̀, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ihò ọ̀tún mọ́ bí gíláàsì. Nínú ihò òsì, nítòsí ẹnu, irin ní àpá kéékèèké bí ojú ẹni tí ṣọ̀npọ̀nná ti bá jà rí.

"Mo rí i, apá òsì," ni Jean-Marc wí. "Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Ojú rẹ ríran. Ìpẹtà ni. Kò ní lọ mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì jìn."

"Bàbá Ànísà, ẹ má jẹ́ kó fi ìpẹtà gé owó mi o."

"Tantie, ìbọn yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí!"

"Ọkọ mi náà jù ọ́ lọ. Ṣé ìyẹn ní kí n ta òun náà ní ọ̀pọ̀?"

Gafarou yọ ọ̀pá irin náà kúrò lára igi, ó fi okùn gbé e kọ́ sára ìṣó, ó fi èékánná ta á. Ó dún, ó sì ń dún lọ bí agogo ilé ìwé lọ́nà jíjìn. Ohun tí wọ́n fi lẹ ọ̀pá méjèèjì pọ̀ kò tíì tú níbì kankan. Ó tò ó padà, ó fi bébà tínrín há ibi tó ti ń ṣẹ́ sí méjì, ó pa á dé, ó fa bébà náà. Kò jáde, irin náà ṣì dé pinpin. Ó gbé e sókè, ó jù ú mì. Kò sí ohun tó mì níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fa èyí tí ìka ń fà, ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì. Ti ọ̀tún ti rọ̀ díẹ̀. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Jean-Marc sì mi orí.

Ó tú aṣọ dúdú kúrò.

Oòrùn ti wọlé dé ibi tó jókòó. Igi náà tàn lójijì, iṣan dúdú rẹ̀ ń rìn lọ, ń padà bọ̀. Lápá òsì ìdí rẹ̀, ibì kan wà tó dúdú ju ìyókù lọ, tó sì ń dán lọ́nà tirẹ̀. Ibi tí Valéry ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í ni. Òógùn rẹ̀ àti òróró tó ń fi pa irun ti wọ inú igi níbẹ̀. Gafarou tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wò ó dáadáa.

Kò sí ní Port-Bouët mọ́. Ìrì wà lórí koríko. Valéry wà níwájú rẹ̀ nínú bàtà ọ́fíìsì, torí kò ní òmíràn, ẹrẹ̀ ti dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí Gafarou má mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lára igi náà, ojú rẹ̀ kan ti dì. Lọ́nà ọ̀sà, ẹnì kan ń pe ẹnì kejì láti inú ọkọ̀ ojú omi, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ lórí omi bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ wọn ló wà. Àwọn méjèèjì kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Kò sí ẹni tí wọ́n tíì sin.

Bàálù kan kọjá lórí òrùlé, ó ń lọ balẹ̀, páànù gbogbo gbọ̀n. Ìgbà tí ariwo rẹ̀ lọ tán ni Jean-Marc tó béèrè.

"Alors, vieux père? Èló?"

Gafarou la ẹnu. "Sept cent mille."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni. Perpétue ló kọ́kọ́ béèrè.

"Ẹ ní kí ni?"

"Sept cent mille."

"Bàbá Ànísà, six cents ni èmi tí mo ń tà á pè é o."

Jean-Marc rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé àwàdà ni, ó wá rí ojú bàbá náà. Ó dìde. Ó wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lápò. "Mi ò bínú o. Ìbọn náà wù mí, mais mi ò lè san iye yẹn. Tantie, ẹ foríjì mí."

Gafarou ni Perpétue ń wò, kì í ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ó wò ó bí ẹni tó bá ilé rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀, tí kò mọ ẹni tó wọlé.

Nígbà tí Jean-Marc dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, kí n kàn lè mọ̀ ni. Irin rẹ̀ èló, igi rẹ̀ èló?"

"Irin, deux cent cinquante," ni Gafarou wí. Ìyẹn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé àádọ́ta, yá a lẹ́nu. Ó sì fẹ́ sọ ti igi, ló bá dákẹ́, torí ó gbọ́ iye tó kù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé àádọ́ta, kó tó sọ ọ́ jáde. Kò sí igi tó tó bẹ́ẹ̀ ní Saint-Étienne, kò sí ní ibikíbi. Kì í ṣe igi ló ń dá iye lé. Òwúrọ̀ Sátidé ló ń dá iye lé, àti ọ̀nà Bingerville, àti ẹja obìnrin Ébrié.

Nǹkan tó burú ju ìyẹn lọ wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì rí i. Iye tí ẹnikẹ́ni kò lè san, iye tó ń dá ọjà padà sílé ni. Ìbọn náà á padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Perpétue. Bí òjò bá dá, obìnrin náà á gbé e wá fún epo. Òun á tún gbé e sórí itan. Bàbá rẹ̀ rò pé ẹni tó fẹ́ rà nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń wọ́. Bàbá rẹ̀ kò ronú dé ibí yìí.

"Padà wá jókòó, ọmọ mi," ló wí. "Mo ṣì í."

Ó mú aṣọ dúdú, ó tún wé igi náà, ó so ó. Perpétue sún mọ́ ọn. Ní gbogbo ìgbà tó ti ń wo iṣẹ́ yìí, kò rí kí bàbá náà so aṣọ lẹ́ẹ̀mejì rí.

Gafarou kọjú sí ògiri. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó sì fi ìka wo igi náà bó ṣe ń wo irin. Ọrùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bá. Iṣan rẹ̀ tọ́ níbẹ̀, ó bá ìbọn rìn, kò dábùú. Ìyẹn dára, torí ibẹ̀ ni igi tó bá ní ẹwà jù ti máa ń ṣẹ́. Kò sí lílà. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fín síbẹ̀ kí ọwọ́ lè dì í mú ti jẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí. Ẹ̀gbẹ́ kan ti kán díẹ̀ nísàlẹ̀, kò tó nǹkan. Ó wá dé apá òsì, ibi tó dúdú. Ìka rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó ń yọ̀, ó rì sínú díẹ̀. Ọ̀dà dídán tí wọ́n fi kùn ún ti ṣí kúrò. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ibi tí ọ̀dà ti ṣí. Ẹni tó bá rà á lè tún un kùn, ó sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìka, Valéry kò sí níbẹ̀.

Ó yọ ọwọ́ jáde.

"Irin, deux cent cinquante. Igi, cent soixante-dix. Ó di quatre cent vingt, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé ogún. Igi náà dára, mo mọ ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì dín."

Jean-Marc dá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ padà sápò. "D'accord," ló wí. "Abẹ gé e."

"Ìwọ ńkọ́, ìyàwó wa? Ṣé ó tó simẹ́ńtì?"

Perpétue ronú. "Ó tó. Bíríkìlà náà á rí tiẹ̀ gbà." Ohùn rẹ̀ ti balẹ̀.

Gafarou tú aṣọ, ó gbé ìbọn náà fún Jean-Marc láìwo igi rẹ̀ mọ́. Ó sọ fún un pé kó má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tútù ní Bonoua, kó sì jẹ́ kí ẹnì kan tún èyí tí ìka ọ̀tún ń fà ṣe kó tó lò ó. Jean-Marc fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Òun àti Perpétue fi àdéhùn sí ọjọ́ Mọ́ńdé láti lọ yí ìwé rẹ̀ padà níwájú ìjọba, ó sì lọ síbi tó gbé mọ́tò rẹ̀ sí.

Perpétue kò tẹ̀ lé e. Ó fa ọ̀kan nínú àwọn àga tuntun tó wà nílẹ̀, ó jókòó lórí rẹ̀.

"Ó wù yín," ló wí.

"Kí lo rí?"

"Sept cent mille ni mo rí."

Gafarou ń ká aṣọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Èmi ì bá kàn gbé e fún yín."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn."

"Tí mo bá sá tẹ̀ lé e báyìí ńkọ́? Kò tíì jìnnà."

"Mo ti dá iye lé e."

Obìnrin náà mọ òfin ilé náà, ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un. Ó pòṣé, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú. Afẹ́fẹ́ òkun ń ti ilẹ̀kùn síwá sẹ́yìn. Obìnrin náà wá ní:

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè nǹkan kan. Òtítọ́ ni kí ẹ sọ. Ṣé ọkọ mi mọ ìbọn yìn?"

Gafarou gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. "Kò mọ̀ ọ́n."

"Háà! Àparò tó máa ń gbé wálé lálẹ́ Sátidé ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó ku ẹyọ kan. Ìyẹn jẹ́ tirẹ̀."

Perpétue ti ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì. "Gbogbo ọdún yẹn tí mo fi ń bó ìyẹ́! Á fẹ̀yìn ti àga, á ní, 'Ìyá Inès, èyí fò ga o, ṣùgbọ́n èmi náà kì í ṣọmọdé.' Ẹyọ kan! Báwo ló ṣe wá pa ẹyọ kan ọ̀hún?"

"Kò fò. Ó dúró sójú kan nínú koríko, ó ń wò ó."

"Kí ló dé tí kò fò?"

"Mi ò mọ̀," ni Gafarou wí. "Bóyá ó ti gbọ́ nípa Valéry."

Obìnrin náà kígbe ẹ̀rín, ó di inú mú, omi jáde lójú rẹ̀. Lóde, mọ́tò Jean-Marc ti ń lọ, wọ́n gbọ́ bó ṣe yí sójú títì ńlá. Gafarou jẹ́ kó lọ tán. Ó wá fa àga kan fún ara rẹ̀, ó jókòó kọjú sí i.

"Ẹ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀," ni Perpétue wí.

"Ìrì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà," ni Gafarou wí.